Alàgbà Tó Ń Tọ́ Ògì Àwọn Ọmọ Wò

Dúró ná, ìwọ tí ń kà á! Fetí sí mi.

Ìyá Fìyìnfólúwa ń ta ògì tó fi ẹ̀wà sóyà àti edé lọ̀. Nínú èrè rẹ̀ ló ti ń se ìkòkò kan lọ́fẹ̀ẹ́ fún àwọn ọmọ tí ara wọn rù, lẹ́yìn ìsìn Ọjọ́rú. Àwọn ọmọ náà ló ń bá a ru ìkòkò òfìfo délé.

Lọ́jọ́ kan, Alàgbà Fátókùn, àgbà ìjọ, mú ṣíbí. "Ẹ jẹ́ kí n tọ́ ọ wò, kó má baà pa wọ́n lára."

Ìyá ní, "Bàbá, Àánú, ọmọ tó wà níwájú yìí, kò tíì jẹun láti àná o!"

"Ẹ ní sùúrù, mi ò tíì mọ adùn rẹ̀."

Olúwa bọ́ ẹgbẹ̀rún márùn-ún, agbọ̀n méjìlá ṣẹ́kù. Alàgbà bọ́ ara rẹ̀ nìkan, ìkòkò gbẹ.

Alàgbà ní, "Ẹ̀yin ọmọ, ẹ wá gbé e."

Kò sẹ́ni tó mira. Ìyá rẹ́rìn-ín, ó gbé ìkòkò ka fìlà Alàgbà. "Bàbá wa, àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé."

Nílé Ìyá, Alàgbà náà ló fẹ́ná títí ògì mìíràn fi jinná, tí Àánú sì yó.

Ìwọ àgbà tó jókòó ti oúnjẹ ọmọdé, mo bẹ̀ ọ́ lórúkọ Jésù, dìde kúrò níbẹ̀ lónìí.