Ẹja Tí Kò Dé Ẹnu Ìyá

Àwọn àgbà a máa sọ pé, "Ẹnu ìyá là ń wò, a kì í wo àwo rẹ̀." Gbogbo wa la ń pa á lówe, ṣùgbọ́n ta ló mọ ibi tó ti ṣẹ̀? Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe ìtàn ẹ̀rín.

Àwẹ̀ró ni orúkọ obìnrin tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀ sí. Ẹja ló ń yan tà létí odò, ẹja rẹ̀ sì dùn débi pé àwọn ará òdìkejì odò ń tukọ̀ wá rà á. Ìyá rẹ̀, Ẹfúnyẹmí, ń gbé ní ìsàlẹ̀ àdúgbò pẹ̀lú ọmọ-ọmọ mẹ́ta tí ọmọkùnrin rẹ̀ tó kú fi sílẹ̀. Láràárọ̀ ni Àwẹ̀ró ń bu ọbẹ̀ sínú àwo, tó ń fi odindi ẹja kan lé e, tó ń gbé e dé ẹnu ọ̀nà ìyá rẹ̀, táá sì sáré padà kí ẹja orí ààrò má baà jóná. Tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́, àwo á ti ṣófo, wọ́n á ti fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní. Inú Àwẹ̀ró á dùn pé òun ń tọ́jú ìyá òun.

Síbẹ̀, ìyá ń joro. Apá rẹ̀ rọ bí aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn. Egbò kékeré kan lójúgun rẹ̀ kọ̀, kò jinná. Lọ́jọ́ kan, ó fẹ́ dìde lórí àpótí, ẹsẹ̀ kò gbé e, ó ṣubú, egungun ìbàdí rẹ̀ sì kán. Orí Àwẹ̀ró gbóná. Ẹni tó ń jẹ odindi ẹja lójoojúmọ́, kí ló ń jẹ òun náà? Ó kọrí sílé Ìyá Arẹ̀mú, arúgbó ẹgbẹ́ ìyá rẹ̀ tí ara tirẹ̀ ṣì le koko, ó sì fẹ̀sùn àjẹ́ kàn án ní gbangba.

Ìyá Arẹ̀mú kò bínú. Ìbéèrè kan péré ló bi í.

"Ọmọ mi, ọjọ́ wo lo jókòó ti ìyá rẹ títí ó fi jẹun tán?"

Àwẹ̀ró padà sílé.

Lọ́jọ́ kejì, ó pa iná ààrò, ó lọ jókòó ti ìyá rẹ̀. Ìṣojú rẹ̀ ni ìyá fi ìka gbígbẹ ya ẹja sí mẹ́ta, tó kó o lé àwọn ọmọ lọ́wọ́, tó wá ń fi ẹ̀kọ run omi ọbẹ̀ tó kù.

"Ìyá mi, ta ni mo ń gbé ẹja yìí wá fún?"

"Mo mọ̀ pé èmi ni, Àwẹ̀ró. Àmọ́ àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ọmọ aláìníbàbá ni wọ́n. Kí ni arúgbó fẹ́ fi ẹja ṣe, àbí mo tún fẹ́ ga sí i ni?"

Ìyá Arẹ̀mú, tó ti tẹ̀lé e wá, mi orí. Ó ní ọmọdé ń jẹ ẹja kó lè ga, àgbà ń jẹ ẹ́ kó má baà ṣubú.

Láti ọjọ́ náà ni Àwẹ̀ró ti ń gbé àwo méjì wá, ọ̀kan fún àwọn ọmọ, ọ̀kan fún ìyá, tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ yọ egungun, tó ń fi ẹja sí ìyá lẹ́nu. Ó ti pẹ́ jù. Kò sí ohun tó kù lára ìyá tó lè so egungun tó kán pọ̀. Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún, ìyá pa ẹnu dé níwájú òkèlè ẹja, kò sì là á mọ́. Ẹja kún orí ààrò Àwẹ̀ró lọ́jọ́ náà. Ó jókòó ti òkú ìyá rẹ̀, ó ń sunkún, títí gbogbo ẹja náà fi jóná.

Nígbà tí àwọn abánikẹ́dùn dé, tí wọ́n ń yìn ín pé ó tọ́jú ìyá rẹ̀, ó dá wọn lẹ́kun. Ó ní ẹni tí ìyá rẹ̀ bá ṣì wà láàyè, kó lọ wo ẹnu rẹ̀, kó má wo àwo. Ibẹ̀ lòwe yìí ti ṣẹ̀. Bí ènìyàn bá ń fi nǹkan ránṣẹ́ sílé, tó ń yangàn pé òun ti ṣe tòun, tí kò sì yà wò ó bóyá ó kan ẹni tó fi í ránṣẹ́ sí, òun ni àwọn àgbà máa ń pa á fún.