Bí Amọ̀ Ṣe Gba Odò Lọ́wọ́ Aró

Nígbà láéláé, nígbà tí ẹja ṣì ń sọ̀rọ̀, funfun ni amọ̀ odò. Etí odò ni Amọ̀ ń gbé, ṣùgbọ́n àwọn ará odò kò fẹ́ràn rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá tẹ̀ ẹ́, yóò di onítọ̀hún lẹ́sẹ̀ mú.

“Ìwọ yìí ò mọ bí wọ́n ṣe ń fi nǹkan sílẹ̀,” ni Akàn máa ń wí. Ọ̀rọ̀ náà dun Akàn ju gbogbo wọn lọ, nítorí ẹsẹ̀ mẹ́jọ ló ní láti fà yọ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Níkẹyìn, wọ́n lé Amọ̀ lọ sínú igbó. Ó sunkún lọ ni, kò sì sí ẹni tó rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún.

Àwọn obìnrin aláró wà ní òkè odò náà. Bí aró bá ti kú nínú ìkòkò, tí kò mú aṣọ mọ́, ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ń dà á sí. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọdún ìlú ku ọ̀la, gbogbo wọn tú ìkòkò lọ́jọ́ kan náà. Ẹ̀yìnkùlé kún, ni Àwẹ̀ró, olórí wọn, bá ní kí wọ́n da ìyókù sódò.

“Aró tó ti kú, kí ló tún fẹ́ ṣe?” ó wí.

Aró kò kú rárá, ó sùn ni. Bó ṣe kan omi tútù ló jí, ó ní, “Odò yìí ti di tèmi.” Omi dúdú kirikiri. Ẹja, tí ẹyin rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ pa, kò rí àwọn ọmọ rẹ̀ mọ́. Ó ń gbọ́ tí wọ́n ń mí gúlegúle.

Yanrìn dìde sí Aró, Aró gba àárín rẹ̀ kọjá. Òkúta dìde, Aró yọ̀ lára rẹ̀ lọ.

“Ẹ dì í mú!” ni Ẹja ń ké.

“Ta ló fẹ́ dì í mú?” ni Yanrìn dáhùn. “Ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe, a ti lé e lọ.”

Akàn fi ẹ̀gbẹ́ rìn dé inú igbó. “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bọ̀. Àwa la ṣẹ̀ yín.”

“Ẹsẹ̀ rẹ ńkọ́?” ni Amọ̀ bi í.

“Ẹ di mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ mú, n ò ní sọ̀rọ̀.”

Amọ̀ rẹ́rìn-ín, ó tẹ̀ lé e. Ó bá Àwẹ̀ró létí odò, tó dúró ti omi dúdú náà pẹ̀lú ìtìjú.

“Ìyá, ẹ sá mi sóòrùn, kí ẹ gún mi kúnná,” ni Amọ̀ wí. “Bí mo bá ṣe kúnná tó ni ọwọ́ mi á ṣe pọ̀ tó.”

“Èmi ni mo ba omi jẹ́, èmi náà ni màá gún ọ,” ni Àwẹ̀ró wí. Ó sá Amọ̀ títí ó fi gbẹ, ó gbé ọmọ odó, àwọn aláró yòókù sì bá a gún un. Wọ́n da Amọ̀ sódò, wọ́n fi igi aró rò ó.

Ẹgbẹ̀rún ọwọ́ ni Amọ̀ nà jáde. Kò sí ibi tí Aró sá sí tí ọwọ́ kan kò ti gbá a mú.

“Fi mí sílẹ̀,” ni Aró wí.

“N ò mọ bí wọ́n ṣe ń fi nǹkan sílẹ̀,” ni Amọ̀ dáhùn. “Bi Akàn.”

Ó gbá Aró mọ́ra, àwọn méjèèjì sì rọra rì sísàlẹ̀. Omi mọ́ gaara. Ẹja rí àwọn ọmọ rẹ̀ tí wọ́n ń sáré kiri lórí yanrìn, inú rẹ̀ dùn débi pé ó fò sókè nínú omi. Àwọn aláró pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ aláwọ̀ aró wọn fi ń ta wọ́n.

Láti ọjọ́ náà ni amọ̀ ti ń gbé ìsàlẹ̀ odò, tí kò sì funfun mọ́. Àwọ̀ Aró ló wà lára rẹ̀, kò tíì jẹ́ kó lọ títí dòní. Bí ó bá dì ọ́ lẹ́sẹ̀ mú, má bú u, ọmọ mi. Fa ẹsẹ̀ rẹ yọ, kí o sì kí i pé ó kú iṣẹ́.