Ẹni Tó Dá Orin Ga Jù

Ọkùnrin kan wà ní ìjọ kan lẹ́bàá odò, òun ló máa ń dá orin fún àwọn èèyàn. Ọlọ́run fún un ní ohùn tó lè gòkè láì mí gúlegúle. Tí àwọn akọrin bá ní orin ga, kì í ṣe ariwo ni wọ́n ń wí. Èèyàn lè rọra kọrin kó ga, ó sì lè pariwo kó wà nílẹ̀. Ibi tí ohùn ti gbéra ni wọ́n ń wí, torí ibẹ̀ ni gbogbo ìjọ yóò ti tẹ̀ lé e. Ọkùnrin yìí mọ èyí dáadáa. Síbẹ̀, ibi tí ohùn tirẹ̀ ti ń dán ló máa ń ti bẹ̀rẹ̀.

Àgbẹ̀ kan wá kú nínú ìjọ náà. Orin kan wà tí òun àti ìyàwó rẹ̀ máa ń jọ kọ láràárọ̀ kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn. Obìnrin náà ti darúgbó. Kò bèèrè màlúù, kò bèèrè aṣọ òkú. Ohun kan ló tọrọ: "Kí ẹ tó da yẹ̀pẹ̀ bò ó, ẹ jẹ́ kí n bá a kọ orin wa lẹ́ẹ̀kan sí i."

Kò sí dùùrù létí sàréè. Ẹni tó ń dá orin dijú, ó sì gbé e ga. Kò pẹ́ tí àwọn àgbà ọkùnrin fi dákẹ́, àwọn obìnrin náà dákẹ́. Opó la ẹnu, ohùn rẹ̀ há, ó húkọ́, ó tún gbìyànjú. Ẹnìkan fa ọkùnrin náà láṣọ pé, "Ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀." Ó ń kọ ọ́ lọ bẹ́ẹ̀. Ó rò pé adùn ohùn òun ló pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Ó kọ ọ́ parí, àwọn tó gbẹ́ sàréè sì mú ṣọ́bìrì.

Nígbà tó lajú, ó rí i tí obìnrin náà ń sunkún.

"Ìyá, ṣé orin náà wọ̀ yín lára ni?"

"Ó dùn, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n ìwọ nìkan lo kọ ọ́. Ọkọ mi ti lọ, n kò bá a kọ ọ́."

Ọkùnrin náà fẹ́ tún un dá, nísàlẹ̀ pátápátá. Yẹ̀pẹ̀ ti bo pósí. Àánú obìnrin yẹn ń ṣe mí bí mo ti ń sọ ọ́ yìí.

Àlàó, o wá bá mi pé àwọn ará ilé rẹ kò fẹ́ràn Ọlọ́run mọ́. Ìdájí lo ń jí ọmọdé sí àdúrà. Ààwẹ̀ tí kì í rẹ ìwọ lo gbé ka ìyàwó rẹ tó lóyún lórí. Wọ́n dákẹ́, o ní ọ̀lẹ ni wọ́n. Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ìwọ tó ń kọrin ńkọ́? Ẹ̀bùn ni agbára rẹ, n kò bá ọ jà lórí ẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló dá orin náà? Padà sílé. Bi ìyàwó rẹ léèrè ibi tí agbára tirẹ̀ dé, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, nígbà tí ẹ̀yin méjèèjì ṣì wà lókè eèpẹ̀.