Igba Ebè Ọláògún

Ọláògún kì í ṣe ọ̀lẹ. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ìyẹn, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé mo ń bú u. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi kọ ọgọ́rùn-ún ebè lọ́dún náà ní abúlé Ẹsẹ̀-Àpáta, ebè kọ̀ọ̀kan ló sì ta iṣu kan dáadáa. Ẹnu rẹ̀ ni kò jẹ́ kó gbádùn iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

Láyé ìgbà yẹn, àwọn alájàpá ìlú ló ń jèrè iṣu Ẹsẹ̀-Àpáta. Ìgbà tí iṣu bá pọ̀, tó fẹ́ máa rà mọ́ olóko lọ́wọ́, ni wọ́n máa ń dé, iye tó bá sì wù wọ́n ni wọ́n ń rà á. Ọ̀rọ̀ yìí sú ìyá àgbà kan tó ń jẹ́ Efúnwùmí. Ó pe gbogbo abúlé jọ, ó ní kí wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Kí olóko kọ̀ọ̀kan mú iṣu kan wá nínú márùn-ún, kí àwọn obìnrin bẹ ẹ́, kí wọ́n bọ̀ ọ́, kí wọ́n sá a fún èlùbọ́. Wọn yóò gbé apá kan lọ tà nílùú nígbà ọ̀wọ́n. Apá kejì ni wọn yóò máa pín lọ́rọọrún fún ilé tí ebè rẹ̀ kò bá ju ọgọ́rùn-ún lọ, títí iṣu tuntun yóò fi jáde.

Èèwọ̀ ni ní abúlé náà láti ka ebè olóko. Ẹni tó bá kà á ti pe olóko ní òpùrọ́ nìyẹn. Ẹnu ni kálukú fi ń sọ iye tirẹ̀ níwájú gbogbo ènìyàn, wọ́n sì ti fẹnu kò pé ẹni tí ebè rẹ̀ bá pọ̀ jù ni yóò ṣe olórí ẹgbẹ́. Olóko kan tó ń jẹ́ Àlàmú ní ọgọ́fà ni tòun. Ara Ọláògún kò gbà á. Ó dìde, ó ní igba ni tòun. Bó ṣe di olórí nìyẹn.

Nígbà tí wọ́n délé, Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀ kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Ó ní, “Bàbá Àìná, ẹ padà lọ sọ òótọ́. Wọn yóò rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà yóò sì tán.” Ọláògún ní obìnrin kò mọ iyì oyè. Oyè wo? Nítorí igba tó pè, ogójì iṣu ni olórí kó fún ẹgbẹ́ nínú ọgọ́rùn-ún péré! Àwọn tó ń wá kí olórí kò sì lọ láìjẹun. Kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀, abà iṣu rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo.

Lọ́rọọrún, àwọn obìnrin ẹgbẹ́ ń gbé igbá èlùbọ́ kọjá lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Wọn a kí olórí, wọn a sì gba ilé ẹlòmíràn lọ. Inú a máa bí Àwẹ̀ró.

Lọ́jọ́ kan, iṣu tán pátápátá. Ọláògún lọ bá Efúnwùmí, ó dọ̀bálẹ̀, ó jẹ́wọ́.

Ìyá àgbà náà ní, “Ilé ta ni kí n ti já èlùbọ́ gbà fún ọ? Gbogbo èyí tó kù ló ti ní ilé tó ń lọ, ilé àwọn tó sọ òótọ́ ni.” Ṣùgbọ́n ó ní kí Àwẹ̀ró àti àwọn ọmọ wá máa bá òun gún èlùbọ́, kí wọ́n sì máa jẹun níbẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, nígbà tí Àwẹ̀ró ti ibẹ̀ dé, ebi mú Ọláògún, ó ní kí ìyàwó òun gbé oúnjẹ wá. Àwẹ̀ró tẹ́ ẹní, ó bu omi ìṣanwọ́, ó gbé àwo olómorí síwájú rẹ̀. Ọkùnrin náà ṣan ọwọ́, ó ṣí i. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀.

Ó béèrè pé kí nìyẹn.

Àwẹ̀ró ní, “Ọgọ́rùn-ún òótọ́ ti tán nílé. Ó ku ọgọ́rùn-ún irọ́, ẹ̀yin lẹ sì gbìn ín. Bàbá Àìná, ẹ jẹun.”

Láti ọjọ́ náà ni àwọn àgbà ti ń pa á lówe pé, ẹni tó gbin ọgọ́rùn-ún ebè, tó ní igba ni òun gbìn, bó bá jẹ ọgọ́rùn-ún òótọ́ tán, yóò jẹ ọgọ́rùn-ún irọ́.