Ẹnu Ológbò Tó Mọ́ Jù

Ìyá bàbá mi, Ráliátù Àkànkẹ́, ló kọ́kọ́ pa àlọ́ yìí nínú agboolé wa. Ọdún tí eṣú jẹ àgbàdo wa tán lóko ni, ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí a ń sun iṣu nídìí iná. Bí mo ṣe gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ ni mo ṣe ń pa á. Ibi tó bá ti dákẹ́, èmi náà á dákẹ́.

Ẹ súnmọ́ iná. Àlọ́ mi ti dé ẹnu ọ̀nà o!

— Kó wọlé, a ti tẹ́ ẹní dè é!

Ó wọlé tòun ti epo lẹ́sẹ̀. Ó tẹ ilẹ̀, ilẹ̀ pọ́n. Ó bá Adìẹ, ó bá Ewúrẹ́, ó bá Pẹ́pẹ́yẹ. Ó wá bá Ológbò, ó dúró lé e lórí, kò lọ mọ́.

Obìnrin kan wà nígbà kan tó ń jẹ́ Ìyá Àrẹ̀mú. Ó ní ebu létí odò. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ò mọ ebu, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tẹ ẹyìn ọ̀pẹ títí yóò fi di epo pupa. Obìnrin mẹ́ta ló ń bá a ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ewúrẹ́ ń fi ẹsẹ̀ tẹ ẹyìn nínú kòtò. Pẹ́pẹ́yẹ ń fọ̀ ọ́ nínú omi. Adìẹ ń dáná, ó ń fi ẹsẹ̀ tú ihá tó kù lára ẹyìn, ó ń ṣa ekùrọ́ jáde. Bí epo bá sì ti léfòó, Adìẹ náà ló ń ké sí wọn pé kí wọ́n wá bù ú.

Wọ́n ní àṣà kan. Bí òòrùn bá ti kan àtàrí, iṣẹ́ dúró. Wọ́n á gbé iṣu sísun sínú igbá. Wọ́n á bu epo tuntun sí i, èyí tó ṣì ń gbóná. Wọ́n á jókòó yí igbá ká. Wọ́n á jẹ, wọ́n á sọ̀rọ̀, wọ́n á rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá yó á dìde. Ẹni tí kò bá tíì yó á máa jẹ lọ. Kò sẹ́ni tó ń wo òkèlè ẹnìkejì.

Adìẹ ń sàba lákòókò yẹn. Ó gbé apẹ̀rẹ̀ ẹyin rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò. Bó bá dìde láti ṣiṣẹ́, ooru ààrò á bá a mú ẹyin náà gbóná títí yóò fi padà. Kò síbi mìíràn tó ti lè rí irú ooru bẹ́ẹ̀.

Nígbà tó yá, eku bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ agbọ̀n wọn. Orúnkún ń dun Ìyá Àrẹ̀mú, kò lè máa wá sí ebu lójoojúmọ́ mọ́. Ló bá mú Ológbò wá.

Ó ní, "Ológbò, máa lé eku fún mi. Bí mi ò bá sí ńbẹ̀, kí o máa bá mi mójú tó ibẹ̀."

Ológbò ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, Màmá."

Ó wọ inú ebu. Ó wo igbá iṣu. Ó wo apẹ̀rẹ̀ ẹyin Adìẹ. Ó lá ètè rẹ̀.

Ṣé ẹ ti ń fura?

— A ti ń fura!

Ẹ máa fura lọ.

Ológbò ò lé eku kankan. Orí ìtì igi ló ń jókòó sí, tó ń ju ìrù rẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún. Àwọn obìnrin ń pè é ní ọ̀gá. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó lọ bá Ewúrẹ́ nídìí kòtò.

"Ìyá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé ẹ gbọ́ ohun tí Pẹ́pẹ́yẹ ń sọ nípa yín?"

"Kí ló sọ?"

"Ó ní ẹ máa ń jẹun bí ẹni tí wọ́n ń lé bọ̀. Èmi ò sọ nǹkan kan o. Ẹ má dárúkọ mi."

Ó lọ bá Pẹ́pẹ́yẹ nínú omi. "Àǹtí mi, Ewúrẹ́ ní kí n wo ìdí yín. Ó ní ibẹ̀ ni gbogbo iṣu ebu yìí ń lọ. Ẹ má dárúkọ mi."

Ó lọ bá Adìẹ nídìí ààrò. "Ìyá Òròmọdìẹ, wọ́n ní obìnrin tó bá ń jẹun níbi iṣẹ́, kì í ṣe iṣẹ́ ló bá wá."

Adìẹ ní, "Àwọn wo ló ní bẹ́ẹ̀?"

"Àwọn èèyàn ni."

"Kí àwọn èèyàn náà wá sọ ọ́ lójú mi. Iṣẹ́ ni mo bá wá. Mo ṣe é, ebi ń pa mí, màá jẹun."

Òòrùn kan àtàrí. Wọ́n gbé igbá kalẹ̀.

Ewúrẹ́ ní, "Èmi ti yó láti ilé."

Pẹ́pẹ́yẹ ní, "Oúnjẹ ò wù mí lónìí."

Inú Ewúrẹ́ sì ń kùn, gbogbo wọn ń gbọ́ ọ. Adìẹ nìkan ló jókòó. Ó jẹ, ó yó, ó nu ẹnu. Wọ́n da nǹkan bo ìyókù, wọ́n lọ pọn omi. Kí wọ́n tó dé, iṣu ti tán nínú igbá.

Ológbò ní, "Háà! Ta ló jẹ ẹ́? Èmi kì í jẹ iṣu. Èmi kì í tiẹ̀ jẹun ọ̀sán. Ta la rí tó ń jẹun níbí?"

Ewúrẹ́ wo Adìẹ. Pẹ́pẹ́yẹ wo Adìẹ.

Ní ọjọ́ kejì, wọ́n fi ẹja gbígbẹ kún iṣu náà. Adìẹ jẹ tirẹ̀, ó dìde. Wọ́n lọ, wọ́n bọ̀. Ẹja ti lọ, iṣu ti lọ, wọ́n ti lá ìdí igbá.

Ebu ò tu ẹnikẹ́ni lára mọ́. Pẹ́pẹ́yẹ á súnmọ́ Ewúrẹ́ bí ẹni fẹ́ bá a sọ̀rọ̀, àṣé ó ń gbóòórùn ẹnu rẹ̀ ni. Ewúrẹ́ náà ń fojú ṣọ́ ibi tí Pẹ́pẹ́yẹ ń gbé ẹsẹ̀ sí. Wọn ò rẹ́rìn-ín mọ́. Ewúrẹ́ a máa lọ sẹ́yìn ògiri, á máa yára jẹ èèpo iṣu, kò ní mọ adùn rẹ̀. Bí ewé bá mì, á há a lọ́fun. Pẹ́pẹ́yẹ ní tirẹ̀, á gbààwẹ̀ lójú wọn. Bó bá délé, á jẹ títí kò fi ní lè gbé ẹsẹ̀, á wá máa sunkún nítorí pé ó jẹun. Bó ṣe ń rìn nígbà yẹn náà ló ṣì ń rìn títí dòní, àmọ́ àlọ́ tiwa kọ́ nìyẹn.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Ewúrẹ́ ń tẹ ẹyìn. Ó tẹ̀ ẹ́, ó tẹ̀ ẹ́, ojú rẹ̀ ṣú. Ó ṣubú sínú kòtò, gbì!

Adìẹ sáré dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. "Ìyá Ìbejì! Ìgbà wo lẹ ti jẹun?"

"Mo ti yó."

"Ètè yín ń gbọ̀n."

Ewúrẹ́ bú sẹ́kún. "Wọ́n ní mò ń jẹun bí ẹni tí wọ́n ń lé bọ̀."

"Ta ló sọ fún yín?"

"Ó ní kí n má dárúkọ òun."

Adìẹ gbójú sókè, ó wo orí ìtì igi. Ológbò wà níbẹ̀, ó ń lá ọwọ́ rẹ̀ jẹ́jẹ́.

Ológbò ò dúró pẹ́. Ó gba ọ̀dọ̀ Ìyá Àrẹ̀mú lọ. Nígbà tí yóò fi padà, Ìyá Àrẹ̀mú ń tẹ̀ lé e pẹ̀lú ọ̀pá.

"Adìẹ, wọ́n ní ò ń kó oúnjẹ jẹ, àwọn ẹgbẹ́ rẹ ń ṣubú. Bí oúnjẹ bá tún sọnù lọ́la, o máa fi ebu mi sílẹ̀."

"Màmá, ẹyin mi ti fẹ́ pa. Bí mo bá gbé e kúrò nídìí ààrò yìí, ó ti bàjẹ́ nìyẹn."

Ológbò ní, "Kó fi ẹyin sílẹ̀, kó máa lọ. Èmi á bá a ṣọ́ ọ."

Ológbò tí kò rí iṣu ṣọ́ ló fẹ́ ṣọ́ ẹyin!

— A ti ń fura!

Adìẹ náà fura. Ó ní, "Màmá, mi ò ní kí ẹ gbà mí gbọ́. Mo fẹ́ kí ẹ wá wò ó fúnra yín ni. Ẹ wá lọ́la, lọ́sàn-án."

Ilẹ̀ mọ́.

Pẹ́pẹ́yẹ fa Adìẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Jọ̀ọ́, má jẹun lónìí. Bí o kò bá jẹun, kò ní sẹ́ni tó máa rí ohun sọ sí ọ."

Adìẹ ní, "Ẹ̀yin tí ẹ ò jẹun lánàá ńkọ́? Ṣé wọn ò sọ̀rọ̀ yín? Bí mi ò bá jẹun, ara mi á tutù. Bí ara mi bá tutù, ẹyin mi á tutù. Mi ò ní fi ebi bẹ ẹnikẹ́ni."

Ó jókòó sí àárín ebu. Ó ki iṣu bọ epo. Ó jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, ó ń gbádùn rẹ̀. Nígbà tó yó, ó dìde, òun àti epo lẹ́nu.

"Gbogbo yín, ẹ wò mí dáadáa. Mo jẹ, ó dùn, mo yó. Èyí tó kù nìyí." Ó bu epo lé ìyókù iṣu náà lórí títí ó fi bò ó. Ó dé e. "Ọ̀gá, ẹ bá wa ṣọ́ igbá. À ń lọ pàdé Màmá lódò."

Wọ́n lọ. Wọ́n bá Ìyá Àrẹ̀mú létí odò, wọ́n dì í lọ́wọ́ mú sọdá, gbogbo wọn jọ bọ̀. Adìẹ ṣí igbá.

Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀!

Ológbò fò sọ̀ kalẹ̀ látorí ìtì igi. "Màmá, mo ti sọ fún yín! Ẹ wo ẹnu Adìẹ! Epo nìyẹn! Ẹ̀rí wo lẹ tún ń wá?"

Lóòótọ́, ẹnu Adìẹ pọ́n. Ìyá Àrẹ̀mú mi orí. Ó ní, "Adìẹ, gbé apẹ̀rẹ̀ rẹ."

Adìẹ ò gbé apẹ̀rẹ̀. Ó dúró níwájú rẹ̀, ó na ọrùn.

"Màmá, bó bá jẹ́ epo ni ẹ̀rí, ẹ jẹ́ kí gbogbo wa fi ara wa hàn."

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin. Ẹ bá mi gbè é o:

Ẹ gbé ẹsẹ̀ yín, kí n rí i,
— Epo ni, epo!
Ẹ na ọwọ́ yín, kí n rí i,
— Epo ni, epo!
Ẹni bá ṣiṣẹ́ ní ebu,
— Epo ni, epo!
Kò lè lọ kó má ràn án,
— Epo ni, epo!

Ewúrẹ́ gbé ẹsẹ̀: epo. Pẹ́pẹ́yẹ na apá: epo. Ìyá Àrẹ̀mú wo ìró ara rẹ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fara ti òpó ni, àmọ́ epo ti ràn án.

Ológbò rẹ́rìn-ín. "Èmi ńkọ́? Ẹ wò mí. Ọwọ́ mi funfun, ẹnu mi funfun, bí òwú."

Adìẹ ní, "Màmá, ẹ má wo ẹni tí epo wà lára rẹ̀. Ẹni tí kò ní epo lára ni kí ẹ wò."



Ìyá Àrẹ̀mú yíjú sí Ológbò. "Láti ìgbà ọmọge ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí. Bí mo bá fi ọṣẹ dúdú wẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, aṣọ ìbora mi ṣì máa ń pọ́n. Ìwọ ń sùn nínú ebu, ò ń jí nínú ebu. Níbo ni epo tìrẹ wà?"

"Mo... mo wẹ̀ ni."

Pẹ́pẹ́yẹ bú sẹ́rìn-ín. "Ìwọ? Ìwọ tí o máa ń sá fún ìrì? Inú omi lèmi ń wà láti àárọ̀ dalẹ́. Ọjọ́ wo la pàdé níbẹ̀?"

Ewúrẹ́ kọjú sí Pẹ́pẹ́yẹ, ó ní, "Òun náà ló ní kí n má dárúkọ òun! Ó ní ìwọ lo ń bú bí mo ṣe ń jẹun!"

"Èmi kẹ̀? Ó ní ìwọ lo ń bú ìdí mi!"

Ìyá Àrẹ̀mú gbé ọ̀pá sókè. "Ológbò, yọ ahọ́n rẹ."

"Nítorí kí ni?"

"Mo ní kí o yọ ọ́."

Ológbò yọ ahọ́n. Ó pọ́n bí iná. Ẹ̀rún iṣu ṣì lẹ̀ mọ́ ọn. Ohun tó fi ń nu epo kúrò lára nìyẹn, tó fi ń mọ́ ju gbogbo wọn lọ.

Ìyá Àrẹ̀mú lé e kúrò nídìí igbá, ó ní kó lọ máa wá eku tí òun tìtorí rẹ̀ mú un wá. Ó yíjú sí Adìẹ. "Má bínú, ọmọ mi. Kí lo fẹ́ kí n ṣe fún ọ?"

Adìẹ ò ní kò tọ́pẹ́. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí igbá padà sí àárín, kí gbogbo wa máa jẹun lójú ara wa. Ẹni tó bá tún ka òkèlè ẹlòmíràn, kó dìde kúrò níbẹ̀. Ní ti ẹni tí yóò máa mójú tó ebu, èmi ni. Mò ń dáná, mò ń ṣa ekùrọ́, èmi ni mò ń ké sí wọn bí epo bá léfòó. Iṣẹ́ náà ni mo ti ń ṣe, orúkọ rẹ̀ ni ẹ fún Ológbò."

Ìyá Àrẹ̀mú wò ó títí. Ó ní, "Òótọ́ ni. Gbà á."

Wọ́n sun iṣu mìíràn. Ewúrẹ́ jókòó, Pẹ́pẹ́yẹ jókòó. Ewúrẹ́ mú òkèlè àkọ́kọ́, ó dì í mú sẹ́nu, kò yára gbé e mì. Ó ní, "Àṣé báyìí ló ṣe ń dùn!" Wọ́n ń rẹ́rìn-ín lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n gbọ́ ohùn tín-ín-rín kan nídìí ààrò: ẹyin àkọ́kọ́ ti pa.

Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé bí Adìẹ bá rí oúnjẹ, á kọ́kọ́ ké kọ́-kọ́-kọ́ pé kí gbogbo ayé wá. Á jẹ ẹ́ lójú wa, á sì nu ẹnu mọ́lẹ̀ lọ́tùn-ún, lósì, kò fi nǹkan kan pamọ́. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé Ológbò, bí a tilẹ̀ fi ọwọ́ wa fún un ní ẹja, á wọ́ ọ lọ sí kọ̀rọ̀, á máa kùn hùn-ùn-ùn, á máa ṣẹ́jú wò wá bí ẹni pé à ń bọ̀ wá bi í léèrè. Bó bá jẹun tán, á lá ọwọ́, á lá ẹnu, títí kan ọjọ́ tó jẹ́ omi lásán ló mu.

Ẹni tó bá ní mo bu irọ́ lé e, kó wá wo ahọ́n mi.

Ọjọ́bọ̀ ni ọ̀rọ̀ ebu náà parí, ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú òjò àkọ́rọ̀ ọdún yẹn, kí epo inú igbá tó tutù.