Àṣẹ Tí Ìbídùn Pa

Ilé ìgbohùnsílẹ̀ kékeré kan wà ní Ìgbájọ, níbi tí wọ́n ti ń gba orin arẹmọlẹ́kún lẹ́nu àwọn ìyá àgbà sínú kọ̀ǹpútà. Ibẹ̀ ni Ìbídùn ti ríṣẹ́. Kọ̀ǹpútà wọn kì í ṣe èyí tí à ń tẹ àwòrán lójú rẹ̀ o. Àṣẹ ni wọ́n ń kọ sí i, ohun tí o bá sì ní kó ṣe náà ló máa ṣe. Nígbà tí ọ̀gá rẹ̀, Bọ̀dá Láṣebìkan, rí i pé kò mọ àṣẹ kọ, ó gbé ìwé méjì síwájú rẹ̀. Ọ̀kan pẹlẹbẹ, ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Èkejì nípọn bíi búlọ́ọ̀kù, ó ń kọ́ni bí a ṣe ń to àṣẹ jọ kó máa dá ṣiṣẹ́.

"Mú pẹlẹbẹ yìí ná, àbúrò mi."

"Ẹ̀yin Bọ̀dá náà! Ṣé ọmọ jẹ́léósinmi ni mí ni?" Ìbídùn rẹ́rìn-ín, ó gbá èyí tó nípọn mọ́ra.

Ká má purọ́, ọmọ náà ní làákàyè. Àmọ́ ìkánjú ń bẹ lára rẹ̀. Àárín ìwé ló ṣí, ó da àṣẹ kan kọ níbẹ̀ tó ń pa ohun gbogbo rẹ́ nínú àpò ìkó-nǹkan-sí yòówù tí èèyàn bá wà nínú kọ̀ǹpútà. Ó fẹ́ fi kó pàǹtírí inú kọ̀ǹpútà dànù kí ọ̀gá tó dé, kí wọ́n lè yìn ín. Ó rò pé inú àpò pàǹtírí lòun wà. Àṣé inú àpò orin ni! Kọ̀ǹpútà kò bi í léèrè, kò sì kọ̀ fún un. Gbogbo ohùn pòórá, wọn kò sì tíì ṣe ẹ̀dà kankan. Ti ìyá tó bí Ìbídùn wà níbẹ̀, ìyá tó kú lọ́dún tó kọjá.

"Mo gbé o! Ohùn ìyá mi!" Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń sunkún.

Nígbà tí Bọ̀dá Láṣebìkan dé, kò bá a wí. Àánú rẹ̀ ṣe é. "A ó padà lọ bá àwọn tó kù. Ti ìyá rẹ nìkan ni..." Ó wá bi í pé, "Ṣé o bi kọ̀ǹpútà pé inú àpò wo lo wà kí o tó pàṣẹ?"

"Ṣé wọ́n máa ń bi í ni, Bọ̀dá?"

Ọ̀gá ṣí ojú ewé kìíní ìwé pẹlẹbẹ. Àṣẹ tí a fi ń béèrè ibi tí a wà ló wà níbẹ̀, kò ju ọ̀rọ̀ kan lọ. Ìbídùn kà á, ó sì tún un kà.

Ìdí nìyí tí àwọn àgbà ìdí kọ̀ǹpútà lágbègbè náà fi ń pa á lówe pé: ẹni tí kò mọ ibi tó dúró sí kì í pàṣẹ pé ká gbálẹ̀.