Ìyá Ìnàkí Fọ Èlú Dànù

Àlọ́ o!
Ààlọ̀!
Àlọ́ mi fò fẹ̀rẹ̀, ó bà lé Ìyá Ìnàkí, ẹni tí ń lé orin fún gbogbo ìnàkí inú igbó.

Nígbà tí ewú bo orí rẹ̀, Baálé Ìnàkí ní, "Ìyá, ewú yín yìí dà bí ẹ̀gbin, ẹ fi èédú pa á." Ó fi èédú pa á, orí ń yún un. Baálé tún ní kó fi èlú rẹ ẹ́. Ó fi èlú rẹ ẹ́. Ojú ń ta á. Lẹ́ẹ̀kẹta, Baálé ní, "Ẹ jókòó sẹ́yìn, ẹ má lé orin mọ́."

Ẹ̀yin ọmọ, inú bí i! Ó wo orí Baálé tó funfun bí òwú.

"Baálé, ewú tiyín di ọlá, tèmi ṣe wá di ẹ̀gbin?"

Ìyá bá bọ́ sódò lójú gbogbo ìnàkí, ó ń fọ irun, ó ń kọrin. Ẹ máa gbè é:

Ewú mi kì í ṣe ẹ̀gbin,
Jáńjálá!
Mo dàgbà, n ò ní dákẹ́,
Jáńjálá!

Ni àwọn abo ìnàkí yòókù bá ń bọ́ sódò lọ́kọ̀ọ̀kan. Àṣé gbogbo wọn ló ń fi èlú bo ewú! Odò dúdú kirikiri, orí wọn funfun báláú, orin wọn sì gba igbó kan.

Bí mo bá parọ́, kí ewú má hù lórí mi láéláé.